Kí Ilé-Iṣẹ́ Ńlá Tó Ya Ẹ̀ka: Ẹ Jẹ́ Kí Á Ka Owó Ná

Ẹni tí ó bá mọ ayò í ta kì í fi ìkánjú kó ọmọ ayò sọ́wọ́. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a sì ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 48. Ọ̀tayò tí ó gbọ́n a máa fi sùúrù kó ọmọ ayò jọ sínú ihò kan títí yóò fi di odù. Ìgbà tí odù náà bá tó í yí ọpọ́n ká ni yóò tó gbé e. Bí ó bá gbé e kí ó tó tó, ọmọ ayò yóò tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Bí ó bá sì jókòó tì í títí àkókò fi kọjá, alátakò rẹ̀ yóò ti jẹ ohun tí ó yẹ kí òun jẹ. Láàárín ìkánjú àti ìlọ́ra ni ọgbọ́n ayò wà.

Èyí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a fi ara balẹ̀ wo eré kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ni ó ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí ìfàkókòṣòfò, a kò sì sọ pé gbogbo wọn ni ó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n nínú eré tí a ń wí yìí, ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ó ń ṣe ìjọba lójú ayé gan-an kì í sábà dáhùn dáradára: nígbà tí ènìyàn bá dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní ìlú kan, ìgbà wo ni ó tọ́ kí ó ya ẹ̀ka rẹ̀ sí àwọn ìlú yòókù?

Orúkọ eré náà ni Civilization IV. Ilé-iṣẹ́ Firaxis ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 2005, orúkọ Sid Meier sì ni wọ́n fi ṣáájú orúkọ eré náà. Ní ọdún 2007 wọ́n gbé àfikún kan jáde tí wọ́n pè ní Beyond the Sword, inú àfikún yìí ni ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti wọlé. Láti nǹkan bí 4,000 ọdún ṣáájú ìbí Jésù ni eré náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣeré yóò tẹ ìlú kan dó, yóò tẹ òmíràn dó, yóò kọ́ ìmọ̀, yóò dá ọjà sílẹ̀, yóò bá àwọn ọba mìíràn ṣe àdéhùn tàbí kí ó bá wọn jagun; bí ẹnikẹ́ni kò bá sì borí ṣáájú, ọdún 2050 ni eré ń parí. Bí a ti ń ta ayò náà ni a ń ṣe é: ẹnì kan yóò ṣe tirẹ̀, yóò sì kan ẹlòmíràn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá kan òṣeré ni a ó máa pè ní ìyípo nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Ilé-iṣẹ́ méje ni ó wà nínú eré náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè fi owó lásán dá sílẹ̀. Òṣeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìmọ̀ tí ó bá a mu, lẹ́yìn náà ni ẹni ńlá kan tí ìlú rẹ̀ bí yóò wá fi ara rẹ̀ jì fún iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ Mining Inc. ń fẹ́ ìmọ̀ ọkọ̀ ojú irin àti onímọ̀-ẹ̀rọ ńlá kan. Sid's Sushi Co. ń fẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti oníṣòwò ńlá kan. Bí a bá ti lo ẹni ńlá náà báyìí, kò sí mọ́. Òun náà ni ì bá lò fún nǹkan mìíràn tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí a ti bí ilé-iṣẹ́ ni ó ti jẹ gbèsè àkọ́kọ́.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń jẹ ni ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ àti omi. Mining Inc. ń jẹ irin, bàbà, èédú ilẹ̀, wúrà àti fàdákà, ó sì ń fi wọ́n mú kí agbára iṣẹ́ ìlú pọ̀ sí i. Sid's Sushi ń jẹ ẹja, akàn, ìṣáwùrú àti ìrẹsì, ó sì ń fún ìlú ní oúnjẹ àti ọlá àṣà. Ẹ kíyèsí i pé iye ohun àmúṣọrọ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń kà, kì í ṣe oríṣi rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó ní ihò irin mẹ́rin yóò jèrè ju ẹni tí ó ní ẹyọ kan lọ, gbogbo ìlú tí ẹ̀ka bá sì wà ni yóò pín nínú àǹfààní kan náà. Ìdí nìyí tí òṣeré tí ó gbọ́n fi ń ra irin lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ti wà nílé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti owó nìyí. Láti ya ẹ̀ka, ìlú tí ilé-iṣẹ́ ti wà gbọ́dọ̀ tọ́ aṣojú kan dàgbà, iṣẹ́ tí ó fi tọ́ ọ kò sì kéré. Aṣojú yìí yóò rin ìrìn-àjò lọ sí ìlú kejì, yóò sì tún san owó kí ó tó lè ṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀ka bá ti ṣí tán, nǹkan méjì ni yóò máa ṣẹlẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìkínní, owó yóò máa wọlé, ṣùgbọ́n ìlú tí olú ilé-iṣẹ́ wà ni yóò máa wọlé sí. Ìkejì, owó ìtọ́jú yóò máa jáde, ìlú tí ẹ̀ka wà ni yóò sì máa san án. Bí ohun àmúṣọrọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ń jẹ bá ti ń pọ̀ sí i ni owó ìtọ́jú náà yóò máa ga sí i. Ohun kan tí ó ń mú èrè pọ̀ sí i ni ó ń mú ìnáwó pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ̀ka kan ń mú owó 4 wọ olú ilé-iṣẹ́ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, tí ìlú tí ẹ̀ka wà sì ń san owó ìtọ́jú 10. Bí ìlú méjèèjì bá jẹ́ ti òṣeré kan náà, àdánù owó 6 ni ó ń jẹ́. Bí ó bá ya irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ 12, owó 72 ni yóò máa fò jáde nínú ìṣúra rẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Yóò máa wo àwòrán ilẹ̀, yóò rí i pé àmì ilé-iṣẹ́ òun wà níbi gbogbo, inú rẹ̀ yóò máa dùn, kò ní mọ̀ pé ńṣe ni òun ń fi ọwọ́ ara òun wa kòtò. Nígbà tí àpò ìlú bá gbẹ, owó ìwádìí ìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gé kù, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Àṣìṣe ìkánjú nìyí, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe jù lọ.

Ẹ wá wo ẹni tí ó fi sùúrù ṣe é. Kí ó tó rán aṣojú kan jáde, ó ti kọ́ ọjà sí ìlú tí olú ilé-iṣẹ́ wà, ọjà sì ń fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí ń wọlé. Ó kọ́ ilé ìtajà oúnjẹ, èyí tún fi ìdá 25 kún un. Ó kọ́ báńkì, ó fi 50 kún un. Lẹ́yìn tí báńkì ti wà ní àwọn ìlú rẹ̀ tó iye tí òfin eré ń fẹ́, ó kọ́ Wall Street sí ìlú náà, ilé kan ṣoṣo tí orílẹ̀-èdè kan lè ní, tí ó ń fi ìdá 100 kún owó. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdá 200 ni. Owó 4 tí ẹ̀ka mú wá ti di 12. Ní ìlú tí ẹ̀ka wà ńkọ́? Ó ti kọ́ ilé-ẹjọ́ síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì ń gé owó ìtọ́jú sí méjì, 10 di 5. Èrè owó 7 nìyí níbi tí ẹni ìṣáájú ti ń pàdánù 6. Bí ẹ̀ka 12 bá wà, èrè náà di 84. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ìlú kan náà ni, ẹ̀ka kan náà ni. Ètò tí a ṣe sílẹ̀ ni ó yàtọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ni í le koko.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ wa kí ó wá fi sùúrù bojú ọ̀lẹ. Àṣìṣe kejì wà, òun ni ìlọ́ra. Bí ètò bá ti pé tán, ìyípo kọ̀ọ̀kan tí a fi ṣòfò jẹ́ owó tí kò ní padà wá mọ́. Ká ní iṣẹ́ tí a fi tọ́ aṣojú àti owó tí ó fi ṣí ilẹ̀kùn, bí a bá ṣírò wọn pọ̀ sí owó, jẹ́ 140. Bí ẹ̀ka ń mú èrè 7 wá, ìyípo 20 ni yóò fi san gbèsè ara rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú èrè tòótọ́ wá. Bí ìyípo 100 bá kù kí eré parí, ìyípo 80 tí ó kù lẹ́yìn gbèsè yóò mú owó 560 wá. Bí ìyípo 15 péré bá kù, ẹ̀ka náà yóò kú sínú gbèsè owó 35. A kò tíì ka oúnjẹ àti agbára iṣẹ́ tí ìlú náà ń rí gbà mọ́ ọn, ìyẹn sì lè tó ìdí fún ẹ̀ka tí owó rẹ̀ kò pé. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ iye ìyípo tí ó kù nìkan ni ó lè sọ pé ó yá tàbí pé ó ti pẹ́ jù.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìlọ́ra fi léwu. Ilé-iṣẹ́ méjì tí ó ń jẹ ohun àmúṣọrọ̀ kan náà kò lè jọ gbé inú ìlú kan. Sid's Sushi àti Cereal Mills jọ ń jẹ ìrẹsì, Mining Inc. àti Civilized Jewelers jọ ń jẹ wúrà àti fàdákà. Bí alátakò bá ti gbé tirẹ̀ wọ ìlú kan ṣáájú, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àti pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè dá a sílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá pẹ́ kò ní bá a.

Bí àkókò bá wá tó, ìlú wo ni a ó kọ́kọ́ rán aṣojú sí? Ojú tí ó ń wá ọlá yóò sọ pé olú-ìlú àti àwọn ìlú ńlá ni. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ìlú ńlá ti ní oúnjẹ, ó ti ní agbára iṣẹ́. Ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò fi kún un dà bí ẹ̀kán omi nínú ìkòkò tí ó ti kún. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré tí ó wà ní etí aṣálẹ̀ tàbí ní ilẹ̀ yìnyín, tí kò lè bọ́ ènìyàn mẹ́ta, yóò gba oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ Sid's Sushi bí ẹni pé odò ṣàn kọjá níwájú rẹ̀. Ìlú tí kò ní òkè, tí ó ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyípo kọ́ ilé kan ṣoṣo, yóò kọ́ ọ kíákíá bí Mining Inc. bá dé ibẹ̀. Ibi tí àìní wà ni a ti ń rí èrè iṣẹ́, bí ó bá ti jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ ti ṣáájú aṣojú débẹ̀.

A dé orí ọ̀rọ̀ tí yóò dun àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú wa mọ́, nítorí pé eré náà kò yọ ìlànà ìjọba sílẹ̀. Ìjọba tí ó bá yan òwò òmìnira yóò rí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gé kúrò nínú owó ìtọ́jú ilé-iṣẹ́. Ìjọba tí ó bá sé ọjà rẹ̀ mọ́ àjèjì kò ní jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ àjèjì ṣiṣẹ́ ní ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́. Ìjọba tí ó bá sọ gbogbo ohun ìní di ti ìlú yóò pa gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́nu mọ́, ti ilé àti ti àjèjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlànà kẹta yìí kò ní èrè tirẹ̀: orílẹ̀-èdè tí ó gbòòrò, tí àwọn ìlú rẹ̀ jìnnà sí olú-ìlú, yóò bọ́ lọ́wọ́ owó tí jíjìnnà náà ń ná an. Àwọn òṣeré kan ń fi ìlànà yìí borí láìní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kì í ṣe ìlànà wo ni ó dára jù ni ìbéèrè. Ìbéèrè ni pé, èwo ni a yàn, ǹjẹ́ a ó sì dúró tì í? Ẹni tí ó ti fi onímọ̀-ẹ̀rọ ńlá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó ti rán aṣojú 12 jáde, tí ó wá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó sọ gbogbo ohun ìní di ti ìlú, ti fi gbogbo làálàá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sínú omi. Ìyípadà ìlànà pàápàá a máa mú rúdurùdu wá, tí owó kò ní wọlé títí ìjọba yóò fi fìdí múlẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò yan ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ó gún wa lọ́kàn jù lọ nínú eré yìí kò tíì jáde lẹ́nu wa. Nígbà tí òṣeré bá ya ẹ̀ka sí ìlú ọba mìíràn, ọba yẹn ni yóò máa san owó ìtọ́jú, ìlú òṣeré ni èrè olú ilé-iṣẹ́ yóò sì máa wọlé sí. Ìdí nìyí tí àwọn ògbóǹkangí fi ń tọrọ ààyè láti kọjá ní ẹnubodè ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń rán aṣojú lọ síbẹ̀. Lóòótọ́, ìlú tí ó gbà wọ́n ń rí oúnjẹ tàbí agbára iṣẹ́ gbà, nítorí náà òṣeré gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ alátakò di alágbára. Ṣùgbọ́n owó kò ní gba ọ̀nà ibòmíràn: ibi tí olú ilé-iṣẹ́ bá wà ni yóò máa lọ.

Àwa tí a ti ka ìtàn Nàìjíríà kò nílò kọ̀ǹpútà kí á tó mọ èyí. Ní ọdún 1886 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Royal Niger Company ní ìwé àṣẹ, títí di ìparí ọdún 1899 ni ó sì fi ń lo agbára ìjọba ní etí odò Ọya. Ní ọdún 1929 ni a da Niger Company àti ẹgbẹ́ oníṣòwò kan pọ̀ tí ó di UAC. Ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Èkó, ó wà ní Ìbàdàn, ó ń ra kòkó, ó ń ta ọjà òkèèrè; ìlú London ni olú ilé-iṣẹ́ wà. Kì í ṣe pé ẹ̀ka kò wúlò fún wa. Àwọn bàbá wa rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, wọ́n sì rí ẹni ra kòkó wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni olú ilé-iṣẹ́ ni ó ń yan ibi tí èrè yóò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà nídìí òfin ọdún 1972 tí ó pàṣẹ pé kí a ta àwọn òwò kan fún ọmọ Nàìjíríà. Òun náà ni ó mú wa ka Odù'a Investment Company sí ohun ìní iyebíye, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ìgbà náà lè jọ jogún àwọn òwò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

A gbọ́dọ̀ sọ àléébù eré náà pẹ̀lú. Nínú eré, ará ìlú kì í bèèrè ìdí tí òun fi ń san owó tí ẹlòmíràn ń jẹ. Kò sí ẹni tí yóò pe ìpàdé, kò sí ìwé ìròyìn tí yóò kọ ọ́ sí ojú ìwé rẹ̀, kò sí ìdìbò tí yóò yọ òṣeré nípò nítorí ẹ̀ka tí kò pé. Lójú ayé, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí ó bá ya ẹ̀ka sí ìlú ènìyàn gbọ́dọ̀ ronú nípa ohun tí ìlú náà yóò máa rí gbà, kì í ṣe nítorí àánú nìkan, bí kò ṣe nítorí pé ẹ̀ka tí ìlú kórìíra kì í pẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá bá ọmọ ilé-ìwé nídìí eré yìí lẹ́yìn tí ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ẹ má ṣe kọ́kọ́ na pàṣán. Ẹ fún un ní ìwé àti pẹ́ńsù, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Ohun àmúṣọrọ̀ mélòó ni o ní? Ìlú tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ wà, ǹjẹ́ ó ti ṣe tán láti sọ owó kékeré di ńlá? Ìlú tí o ń rán aṣojú sí, ǹjẹ́ ilé-ẹjọ́ wà níbẹ̀? Ìyípo mélòó ni ó kù? Ta ni yóò san owó, ta ni yóò sì gbà á? Ọmọ tí ó bá lè fi ìṣirò dáhùn márààrún ti kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀-ajé tí àwọn mìíràn fi ọdún púpọ̀ wá ní yunifásítì.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú, ìbéèrè kan náà ni ti yín. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá dúró lórí àga ìpolongo tí ó ṣèlérí pé òun yóò dá ilé-iṣẹ́ sí gbogbo ìlú láàárín ọdún kan, ẹ má ṣe tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í bóyá owó tí ẹ̀ka kìíní ń mú wọlé ti ju èyí tí ó ń ná lọ. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ sọ fún un pé kí ó padà sídìí ọpọ́n kí ó lọ kó odù jọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè dáhùn, tí ìṣirò rẹ̀ sì pé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró, nítorí pé ìyípo kò dúró de ẹnì kan.